Ìwé ni Ayò Kò Ní, Kì í Ṣe Ọgbọ́n

Ọmọdé kì í dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ àgbà láìtọrọ gáfárà. Mo tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Ìjà ni mo gbé wá, ọ̀wọ́ ènìyàn méjì ni mo sì ń bá jà. Èkíní ni àwọn tí wọ́n gbà pé ṣẹ́ẹ̀sì nìkan ni eré ọlọ́gbọ́n, pé ayò ọlọ́pọ́n jẹ́ eré àwọn arúgbó tí kò ríṣẹ́ ṣe. Èkejì ni àwọn tí wọ́n ní ohun Òyìnbó ni ṣẹ́ẹ̀sì, kí a kó o dànù, kí a máa ta ayò wa bí àwọn bàbá wa ti ń ta á. Àwọn méjèèjì ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: wọ́n jọ ń pa ayò. Ọ̀kan ń fi ẹ̀gàn pa á, èkejì ń fi ìyìn pa á.

Kí n tó ro ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú.

Ọmọ Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má fi wá pe Ìlá Ọ̀ràngún o. Ẹbí kan náà ni wá, ìlú méjèèjì ló sì ní Ọ̀ràngún tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣe ilé wọn. Ìlú wa kò tóbi, síbẹ̀ kì í ṣe ìlú tí kò ka ìwé sí. Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Abọ́lárìn, dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí owó ilé ìwé san, ó sì wọ kíláàsì fúnra rẹ̀ láti kọ́ wọn. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé a pàdánù ohun kan nítorí àìkọ̀wé, kì í ṣe pé a kò mọ ìwé ni. A kò kà á sí ohun tó yẹ ní kíkọ ni.

Ní ìsinmi Kérésìmesì kan, àwa ọ̀dọ́ mélòó kan tí a wálé láti Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlọrin dá ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kékeré kan sílẹ̀ nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́jọ la forúkọ sílẹ̀. Ọpọ́n mẹ́rin la tẹ́ sórí tábìlì àwọn ọmọ ilé ìwé. Fóònù la fi ń ṣọ́ àkókò. Olúkúlùkù sì ní ìwé pélébé kan níwájú tó ń kọ gbogbo ìrìn sí, tirẹ̀ àti ti ẹni tó kojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìdíje rí. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní ẹnu láti fi rojọ́ bí àríyànjiyàn bá dé. Ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè kò ju àpò ìrẹsì kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n bí a ti lejú mọ́ ọn, ẹ ó rò pé adé ni.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀ta. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀; oyè tó fi ayò jẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò mọ̀ pé ọ̀ta ni ẹni tó ń pa ènìyàn lójú ọpọ́n, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí wọ́n ń pa. Bàbá yìí gbọ́ ariwo wa, ó wọlé, ó dúró ti ọmọkùnrin kan, ó ń wò ó bó ti ń sún ẹṣin, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó bi í pé:

"Ọmọ mi, kí lò ń kọ?"

"Ìrìn wa ni, Bàbá. Bí a bá ti sún nǹkan, a ó kọ ọ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí a lè tún un ta lọ́la ni, sà. Ẹni tí kò tilẹ̀ sí níbí lè kà á, kó sì rí bí a ti ta á."

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ń kọ tiyín. Ta ni yóò kọ tèmi?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, a ṣebí àwàdà ni. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè, tó yẹ kí n mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti ìbéèrè, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, ara mi kò gbà á mọ́, mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni n ó wá kọ tiyín." Ó ní, "Mo ń retí rẹ." N kò lọ. Ọdún Tuntun dé, àríyá dé, mo di ẹrù mi, mo padà sí yunifásítì. Nígbà tí mo tún wálé ní àkókò Àjíǹde, Bàbá ti kú, wọ́n ti sin ín. Mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kú aráfẹ́rakù. Bí mo ti ń jáde gba ẹ̀yìnkùlé, mo rí ọpọ́n ayò Bàbá: wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. N kò bá wọn wí. Kí ni mo fẹ́ wí? Igi lásán ló kù. Ohun tó wà nínú ọpọ́n yẹn ti bá olóhun lọ, èmi tí mo ṣèlérí pé n ó dá a dúró ni kò yọjú.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè Bàbá ti ń dún létí mi, òun ni mo sì gbé síwájú yín lónìí.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí nílé ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún 1858, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Paul Morphy, ẹni ọdún 21, jókòó nínú ilé eré orin kan ní Paris, ó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ọlọ́lá méjì tí wọ́n pa ọgbọ́n pọ̀ kojú rẹ̀. Eré ń lọ lórí ìtàgé, wọ́n ń ta tiwọn. Ìrìn 17 péré ló fi pa wọ́n. Morphy kú ní ọdún 1884. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ lálẹ́ òní, mo lè to ọpọ́n mi, kí n sún ohun tí Morphy sún, láti ìrìn kìíní títí dé ìkẹtàdínlógún, kí n rí ibi tó ti yọ̀ǹda ayaba rẹ̀ kí wọ́n pa á, kí òun lè rí ọba wọn mú. Kí ló fà á? Ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kò sí àdììtú níbẹ̀. Bàbá tiwa kú láìpẹ́ yìí, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè tún ẹyọ kan ta nínú gbogbo ayò tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ta. Morphy tí kò mọ̀ pé a ó bí mi ń kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bàbá tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi ní Kérésìmesì kò lè kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́. Ohun tó wà láàárín wọn kì í ṣe ọgbọ́n. Gègé àti tákàdá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayò ṣe ẹlẹ́yà, mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ rí. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú àwọn tí a jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí a ó máa ta ayò, kí a sì máa kọ ọ́ bí a ti ń kọ ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní kí n gbé ọpọ́n mi lọ bá àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ àṣà, kí wọ́n dé fìlà abetí ajá, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n ya fọ́tò. Òmíràn ní ayò kò ní ìjìnlẹ̀, pé kíkà lásán ni, pé ọmọ tó bá ti mọ èjì lé èjì ti mọ̀ ọ́n ta.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n ayò, mẹ́fà fún òǹtayò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, gbé eré kan tí wọ́n ń pè ní awari fún ẹ̀rọ pé kó wá ìdí rẹ̀ kàn. Awari yìí, ẹbí ayò wa ni: ilé 12, ọmọ 48, a sì ń jẹ nígbà tí ọmọ inú ilé bá di méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí òfin rẹ̀ fi yàtọ̀ sí tiwa kò tó nǹkan. Wọ́n fẹ́ mọ bí ayò yóò ti parí bí òǹtayò méjì tí kì í ṣe àṣìṣe bá pàdé. Iye ipò tí ọmọ ayò lè wà lójú ọpọ́n, tí ẹ̀rọ náà ní láti yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 889,063,398,406. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò tán, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀mì ni yóò já sí, ẹnikẹ́ni kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ẹ dákun, ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Ṣé èjì lé èjì nìyẹn?

N kò sọ pé ayò jinlẹ̀ ju ṣẹ́ẹ̀sì lọ. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdí ṣẹ́ẹ̀sì ṣì jìn ju ibi tí ẹ̀rọ lè wá a kàn dé lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kànga tí okùn rẹ kò kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, má ṣe pè é ní ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Bàbá tó ń jókòó lábẹ́ igi, tó ń fi ojú inú ka ilé méjìlá, tó mọ iye ọmọ tó wà nínú odù ẹnìkejì rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tó sì ta kí ojú tó ṣẹ́, ọlọ́pọlọ ni. Bó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ló ń ta bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa du àga fún un.

Mo yíjú sí ẹ̀yin èkejì, ẹ̀yin olùfẹ́ àṣà, nítorí pé ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ yín sì kù.

Ẹ ní Òyìnbó ló ni ṣẹ́ẹ̀sì. Ta ló sọ fún yín? Ilẹ̀ Íńdíà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ìbí Jésù, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní chaturanga. Àwọn ará Páṣíà gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ ará Páṣíà, ẹ̀yìn èyí ló tó wọ Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń kéde pé ọba ti há, "checkmate", láti inú shāh māt ti èdè Páṣíà ló ti wá. Ẹni tí ẹ ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù lójú ọpọ́n, erin ni nílé Lárúbáwá. Ó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ó di wèrè. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, ó di asáré. Ayaba tó lágbára jù lọ lójú ọpọ́n lónìí, ọkùnrin ni tẹ́lẹ̀, ìjòyè tó ń gba ọba nímọ̀ràn, tí kò lè rìn ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ló tó gba irú agbára yìí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí eré yìí dé ló fi èdè tirẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, tí ojú kò sì tì í. Eré tó ti jẹ́ erin, tó ti jẹ́ àlùfáà, tó ti jẹ́ wèrè, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti sọ Yorùbá?

Ẹ tún wo ohun tí ọmọ wa kan fi eré yìí ṣe. Túndé Ọ̀nàkọ̀yà kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú, ní àdúgbò tí owó ti wọ́n. Ní ọdún 2018 ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó gbé ọpọ́n lọ bá àwọn ọmọ Mákòkó, lẹ́yìn náà ó gbé e lọ bá àwọn ọmọ abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jókòó ní Times Square ní New York, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láti fi wá owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó padà síbẹ̀ pẹ̀lú ará Amẹ́ríkà kan, àwọn méjèèjì sì ta á fún wákàtí 64. Ẹni tó bá ní eré yìí kò wúlò fún ọmọ Yorùbá, kó lọ sọ ọ́ ní Mákòkó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mi sí yín wúwo ju èyí lọ. Ẹ fẹ́ràn ayò, lóòótọ́ ni. Ìfẹ́ tí à ń ní sí òkú ni ẹ ní sí i. Ọjọ́ àṣà dé, ẹ nu ọpọ́n, ẹ to ọmọ ayò sínú rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, ẹ gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀, ilẹ̀ ṣú, ẹnikẹ́ni kò ta á, ẹ tún kó o sínú àpótí. Bí ìdíje ayò bá tilẹ̀ wáyé níbì kan, orúkọ ẹni tó borí nìkan ni ẹ ń kọ. Ayò tó fi borí ńkọ́? Bó ti ṣe é? Ibo ni ẹnìkejì ti ṣìnà? Ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Nígbà tí mo sì sọ pé kí a máa kọ ọ́, ọ̀kan nínú yín dìde, ó ní ohun ẹnu àti ohun ọwọ́ ni ayò, pé bí a bá fi gègé kàn án, a ó pa á. Ó ní adùn ayò ni bí ọmọ ayò ti ń dún nínú ilé, bí ọ̀ta ti ń fi ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀, bí àwọn òǹwòran ti ń dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣiwèrè, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé kò sí ìwé tó lè gba ẹ̀rín àwọn òǹwòran tán. Ṣùgbọ́n mo bi yín: ìjálá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun ẹnu ni? Adébóyè Babalọlá tẹ̀ lé àwọn ọdẹ, ó kọ ìjálá wọn, ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ẹsẹ Ifá ńkọ́? Wándé Abímbọ́lá jókòó ti àwọn babaláwo, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968. Ṣé ọdẹ ti dákẹ́ ìjálá nítorí èyí? Ṣé babaláwo gbàgbé Ifá? Àwa tí à ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí, tí à ń fi wọ́n yege nínú ìdánwò, kí ni à bá máa kà bí àwọn àgbà yẹn bá ti ní ohun ẹnu ni, kí a má fọwọ́ kàn án? Ẹni tó mọ ìṣe òkùnkùn kì í dá òṣùpá lóró.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan rí. A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ kọ ìwé kan nípa ayò tó jáde ní ọdún 1977, ọpẹ́ ni fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìwé tó ń kọ́ ni bí a ti ń ta ayò, ọ̀tọ̀ ni ìwé tó gba ayò tí ọ̀ta ta sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ wa bí a ti ń sun rárà ti ṣe tirẹ̀. Rárà tí àwọn asunrárà sun, àwa ni kí a kọ ọ́.

Bí ẹ bá rò pé eré yìí kò lè rìn jìnnà, ẹ wo Antigua, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Karíbíà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí omi kò rí ọpọ́n gbé dání. Inú orí ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọmọ wọn ń ta á níbẹ̀, warri ni wọ́n ń pè é. Trevor Simon, ọmọ Antigua, ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mélòó kan nínú ìdíje eré yìí ní Mind Sports Olympiad ní London. Àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ mú tiwọn dé òkè òkun. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè, a fi tiwa ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ.

Ẹni tó bá ní ilé ń jò, kó sọ bí a ó ti bò ó. Ohun tí mo ń bèèrè kò le. Òǹtayò kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọ́n, ìkejì wà ní òkè. Kí a ka ilé olúkúlùkù láti ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, láti 1 dé 6. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fi ilé kẹfà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayò, kí a kọ I6. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò bọ́ sínú ilé kìíní títí dé ìkẹrin ti ẹni òkè, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni à ń ta sí. Bí ẹni òkè bá fi ilé kejì rẹ̀ dá a lóhùn, kí a kọ O2. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ, kí a fi j àti iye ọmọ tó jẹ tì í: O2j5 ni pé ẹni òkè kó ilé kejì rẹ̀, ó sì jẹ ọmọ márùn-ún. Ó tán. Òfin ayò fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ọmọ yòókù bọ́ sí. Ẹ ó ní òfin yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni, ti ṣẹ́ẹ̀sì náà yàtọ̀ rí, ọdún 1924 ni ẹgbẹ́ àgbáyé rẹ̀, FIDE, tó fìdí múlẹ̀ ní Paris. Kí a kọ òfin ìlú sí orí ìwé, kí a kọ ayò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá sì ṣe, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè, kí la wà fún?

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìsinmi tó kọjá, mo jókòó ti àwọn bàbá méjì ní Òkè-Ìlá, mo kọ ayò mẹ́sàn-án. Èyí àkọ́kọ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra," wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ mí ní ọ̀pẹ akọ̀wé. Mo gba orúkọ náà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀kan nínú wọn ti ń pe nọ́ńbà ilé fún mi bó ti ń ta. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó ní kí n ka ìkẹta fún òun, ó tò ó sójú ọpọ́n padà, ó wò ó títí, ó fọwọ́ sọ ilé kan, ó ní, "Ibí ni mo ti pa ara mi." Kò rí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ta ayò, pé kí ayò tó ti tán tún padà wá bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ní kíkọ yóò pa ayò, ó yẹ kí ẹ rí ojú bàbá yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹta-ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ ní aago, ẹ ní ìwé ìkọ̀rìn, ẹ mọ ètò ìdíje: ẹ wá fi kọ́ wa. Ẹ̀yin olùfẹ́ àṣà, ẹ mọ ilé àwọn àgbà, ẹ mọ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀: ẹ mú wa lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ pé ayò ìlú òun lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ dákun, ẹ má sọ fún un pé eré kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olóòtú ìwé yìí, mo bẹ̀bẹ̀ fún ojú ewé kan ṣoṣo nígbàkúùgbà tó bá ń jáde, kí a máa tẹ ayò kan síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti ta á.

Àwọn bàbá wa ní "ògbó mi mọ̀nà" ló di Ìgbómìnà, pé ògbó ni wọ́n fi la igbó kọjá. Ẹni tó ń la ọ̀nà nínú igbó a máa sá igi lámì bó ti ń lọ, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀ta ti la ọ̀nà tiwọn, wọn kò sá igi. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn sá a nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ọ̀nà hàn wá.

Bàbá bi wá ní ìbéèrè, ẹ̀rín la fi dá a lóhùn. Èyí tó yẹ kí a sọ fún un, ó ti pẹ́ jù fún un báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Òkè-Ìlá, wọ́n wà ní ìlú tiyín pẹ̀lú. Wọn kò pọ̀ mọ́, wọn kò sì ní dúró dè wá títí ìdánwò yóò fi parí.